Gáà, Líṣàbí àti Tápà: Ọ̀yọ́ Kan Náà La Ń Wò

  

Ọ̀rọ̀ fíìmù la bá wá lónìí. Ẹ ti rí i pé láti ọdún mélòó kan sẹ́yìn, fíìmù ìtàn ayé àtijọ́ ló gba ẹnu gbogbo wa kan. Bí a bá tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù tán lálẹ́, òun là ń wò lórí fóònù. Bí a bá parí ìpàdé ẹgbẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, òun là ń sọ lẹ́nu ọ̀nà. Méjì nínú wọn ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀ jù láàárín wa. Èkíní ni House of Ga'a tí Bọ́láńlé Austen-Peters darí, tó jáde lórí Netflix ní oṣù Keje ọdún 2024. Èkejì ni Lisabi: The Uprising tí Níyì Akinmọláyan darí, tí Látéèf Adédiméjì ṣe Líṣàbí nínú rẹ̀. Ìyẹn jáde ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 kan náà, apá kejì rẹ̀ sì tẹ̀lé e ní oṣù Kìíní ọdún 2025.

Ọlọ́jà ni wá o, a kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìwé mẹ́wàá ni púpọ̀ nínú wa kà mọ. Ṣùgbọ́n a mọ ìtàn tí àwọn bàbá wa sọ fún wa, a sì mọ èyí tó wà nínú ìwé. Ohun tó jẹ́ ká kọ èyí ni pé àwọn ọmọ wa tí a bí síbí, fíìmù yìí nìkan ni ilé ìwé ìtàn tí wọ́n ní.  Púpọ̀ wọn ò tilẹ̀ dé Ọ̀yọ́ tàbí Abẹ́òkúta rí, àfi ìgbà tí a bá ń sìnkú. Nítorí náà, ohun tí fíìmù bá sọ fún wọn ni wọ́n máa gbà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí ti Gáà. Ká sọ òótọ́, Fẹ́mi Branch ṣe Gáà dáadáa. Bó ṣe ń wo èèyàn, bó ṣe ń gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀, ẹ̀rù máa ń bani. Àwọn kan nínú wa ní ìfẹ́ tó wà láàárín ọmọ Gáà àti ọmọ ọba ti pọ̀ jù nínú eré náà. Àwọn ìyàwó wa ní ibẹ̀ gan-an ló dùn jù. Ẹ má jẹ́ ká jà sí ìyẹn. Èyí tó kan wa ni ìtàn.

Samuel Johnson, Ẹni Ọ̀wọ̀ tó kọ ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọ́n sì tẹ̀ jáde ní 1921, sọ ọ̀rọ̀ Gáà síbẹ̀ dáadáa. Baṣọ̀run ni Gáà, òun ni olórí Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè tó lágbára láti sọ fún Aláàfin pé ayé ti kọ̀ ọ́. Gáà lo agbára yẹn débi tó fi di pé òun ló ń fi ọba jẹ, òun ló sì ń yọ ọ́. Johnson ní Lábísí kò lò ju ọjọ́ 17 lọ, wọn ò tíì tilẹ̀ fi í jọba tán. Awọnbíojú lo ọjọ́ 130 péré. Agbólúajé náà kò jẹ ẹ́ gbádùn. Nígbà tó fi máa kan Abíọ́dún, ọba ló ń lọ kí ìjòyè lówùúrọ̀. Ẹ ò rí i pé ayé ti dorí kodò?

Nígbà tó sì yá, Gáà ní òun fẹ́ fi àgbọ̀nyín ṣètùtù. Kò rí ẹran náà mú lásìkò, ló bá ní kí wọ́n mú ọmọ Abíọ́dún tó ń jẹ́ Àgbọ̀nyín, wọ́n sì pa ọmọ ọlọ́mọ bí ẹran. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ Abíọ́dún lára nìyẹn. Ó ránṣẹ́ sí Ọ̀yàbì, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò tó wà ní Àjàṣẹ́. Ní nǹkan bí ọdún 1774 wọ́n ṣẹ́gun Gáà, wọ́n sì pa á. Títí dòní, bí àgbà bá fẹ́ kìlọ̀ fún èèyàn, ohun tí á sọ ni pé bí o láyà kí o ṣèkà, bí o bá rántí ikú Gáà kí o ṣòótọ́.

Nǹkan kan wà nínú ìwé Johnson tí àwọn tó wo fíìmù nìkan lè má fi ọkàn sí. Àwọn ọmọ Gáà kò jókòó sí Ọ̀yọ́. Bàbá wọn pín wọn káàkiri àwọn ìlú tó ń sin Ọ̀yọ́, àwọn ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀, owó tó yẹ kó wọ ààfin ń wọ ilé Gáà. Nígbà tí Abíọ́dún fẹ́ gba ara rẹ̀, ó ránṣẹ́ ní kọ̀rọ̀ sí gbogbo ìlú, ó dá ọjọ́ kan, pé lọ́jọ́ yẹn kí wọ́n pa gbogbo ọmọ Gáà tó wà lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n sì ṣe é. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn o, ọjọ́ kan ṣoṣo, níbi gbogbo. A óò padà síbẹ̀.

Bí fíìmù Gáà ti parí ni àwọn ọmọ wa pàtẹ́wọ́. Ọba ti gba ìjọba rẹ̀, ìkà ti kú. Oṣù méjì lẹ́yìn náà ni Líṣàbí dé. Àwọn ọmọ kan náà tún jókòó, wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí Ọ̀yọ́ ni ìkà. Ọmọ kan bi wá pé, «Ṣé Ọ̀yọ́ méjì ló wà ni?»

Ìbéèrè yẹn ló yẹ kí àwa àgbà dáhùn, torí fíìmù méjèèjì kò dáhùn rẹ̀.

Ìtàn Líṣàbí nìyí ní ṣókí. Ẹ̀gbá wà nínú igbó wọn nígbà náà, wọn ò tíì dé Abẹ́òkúta, torí ọdún 1830 ni wọ́n tó débẹ̀. Ọ̀yọ́ ni wọ́n ń sìn. Àwọn tí Aláàfin ń rán sí wọn ni Ìlàrí, àwọn ìránṣẹ́ ọba tí wọ́n ń fá apá kan orí wọn sílẹ̀, òun ni wọ́n ṣe ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìlàrí á dé, á gba ìṣákọ́lẹ̀, á tún gba èyí tí ọba ò rán an, á jẹ, á mu, á sì fi ojú ẹrú wo onílé. Ó sú Ẹ̀gbá.

Líṣàbí tó jẹ́ àgbẹ̀ ló rí ọgbọ́n dá. Ó kó àwọn èèyàn jọ bíi pé àáró ni wọ́n ń ṣe, ẹ bá mi ro oko lónìí, kí n bá yín ro tiyín lọ́la. Abẹ́ àáró yẹn ni wọ́n ti di ẹgbẹ́ ológun tí wọ́n pè ní Ẹgbẹ́ Olórògún. Nígbà tó tó gẹ́ẹ́, Líṣàbí pa Ìlàrí tó wà lọ́dọ̀ tirẹ̀, àwọn ìlú Ẹ̀gbá yòókù sì ṣe bẹ́ẹ̀. Johnson ní àwọn Ìlàrí tó kú lé ní 600. Ọ̀yọ́ kó ogun wá láti fìyà jẹ wọ́n, Ẹ̀gbá lé wọn padà. Láti ìgbà náà ni wọn ò ti sin Ọ̀yọ́ mọ́. Ìdí nìyẹn tí Ẹ̀gbá fi ń pe ara wọn ní ọmọ Líṣàbí títí dòní, tí wọ́n sì ń ṣọdún rẹ̀ lọ́dọọdún ní Abẹ́òkúta.

Ó yá, ta ni Aláàfin tó wà lórí ìtẹ́ nígbà tí Líṣàbí ṣe èyí? Abíọ́dún kan náà ni.

Abíọ́dún tí a bá sunkún nítorí ọmọ rẹ̀, òun ni àwọn Ìlàrí tí Ẹ̀gbá pa ń ṣiṣẹ́ fún. Nígbà tí Gáà kú, inú Ọ̀yọ́ dùn. Ṣùgbọ́n ẹ lọ dúró sí ẹ̀gbẹ́ àgbẹ̀ kan nínú igbó Ẹ̀gbá. Kí ló yí padà fún un? Lánàá, ọmọ Gáà ló ń gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń sin Ọ̀yọ́. Lónìí, Ìlàrí Abíọ́dún ló ń gbà á. Àwa ọlọ́jà mọ ọ̀rọ̀ yìí dénú. Bí ẹni tó ń gba owó ọjà bá yí padà, tíkẹ́ẹ̀tì lè yí àwọ̀, owó kì í dín.

Ẹ tún wo ọgbọ́n tí Líṣàbí lò. Ọ̀rọ̀ kọ̀rọ̀, àdéhùn kan, gbogbo ìlú lẹ́ẹ̀kan náà. Ọgbọ́n tí Abíọ́dún fi pa àwọn ọmọ Gáà náà nìyẹn. A ò sọ pé Líṣàbí lọ kọ́ ọ lọ́wọ́ ọba. Ṣùgbọ́n bí àgbà bá kọ́ gbogbo ìlú pé a lè fi ọjọ́ kan gba ara wa lọ́wọ́ ẹni tó ń jẹ gàba, kò lè dá ibi tí ẹ̀kọ́ náà máa dúró sí.

Nítorí náà, ìdáhùn tí a fún ọmọ yẹn ni pé Ọ̀yọ́ kan ló wà. Fíìmù kan dúró sínú ààfin, ó ń wo ìta. Èkejì dúró sínú oko, ó ń wo ààfin. Kò sí èyí tó purọ́ pátápátá nínú méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wo ọ̀kan ṣoṣo, ààbọ̀ ìtàn ló mọ̀.

Kí ló dé tí èyí fi kan àwa tí a wà lókè ọya? Ẹ wo ẹgbẹ́ wa. Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀, Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà, Ìjẹ̀ṣà, Ìgbómìnà, Èkìtì, gbogbo wa. Ní ilé, oníkálukú ní ìlú tirẹ̀. Níbí, «Bàyáràbé» ni wọ́n ń pe gbogbo wa, ẹnikẹ́ni kì í bi wá bóyá Ọ̀yọ́ la wá tàbí Ẹ̀gbá. Nígbà tí Líṣàbí jáde, a gbọ́ ọmọ Ẹ̀gbá kan tó ń sọ fún ọmọ Ọ̀yọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ pé, «Ẹ̀yin lẹ fìyà jẹ wá.» Èkejì náà fèsì pé ẹrú àwọn ni wọ́n. Àwàdà ọmọdé ni, a rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n a tún rí àwọn àgbà tó ń sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn láìrẹ́rìn-ín. Ohun tó ti lé ní igba ọdún! Kì í ṣe àwọn ọmọ wọ̀nyí ló gba ìṣákọ́lẹ̀, kì í ṣe àwọn ló san án.

Ó sì tún kù. Tápà wà nínú ọ̀rọ̀ yìí, àwa tí a wà ní Ìpínlẹ̀ Niger kò sì lè gbójú fò ó. Nínú fíìmù Gáà, Tápà ni àwọn tí Ọ̀yọ́ bá jagun, tí wọ́n kó lẹ́rú. Àwọn aládùúgbò wa tó jẹ́ Tápà wo fíìmù yẹn, torí wọ́n ń ka gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Oníbàárà wa kan tó jẹ́ ọmọ Bìdá béèrè lọ́wọ́ wa pé ṣé bí ẹ ṣe ń sọ ìtàn wa nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà tó ọ̀rọ̀.

Ohun tí ìtàn sọ ni pé ìgbà kan Ọ̀yọ́ ṣẹ́gun, ìgbà kan Tápà ṣẹ́gun. Ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún, Tápà ló lé ọba Ọ̀yọ́ kúrò ní Ọ̀yọ́ Ilé, tí wọ́n fi di ìsáǹsá lọ sí ilẹ̀ Ìbàrìbá, kí wọ́n tó tẹ̀dó sí Ìgbòho. Ní nǹkan bí ọdún 1783, nígbà Abíọ́dún fúnra rẹ̀, Ìbàrìbá ṣẹ́gun Ọ̀yọ́. Ní nǹkan bí ọdún 1790, Tápà tún ṣẹ́gun Ọ̀yọ́, kò sì pẹ́ tí Abíọ́dún wàjà nígbà náà. Ẹ má sì gbàgbé pé ìtàn Ọ̀yọ́ fúnra rẹ̀ sọ pé ọmọ ọba Tápà ni ìyá Ṣàngó. Ìgunnukó tí wọ́n ń ṣe ní Èkó, ọwọ́ Tápà ló ti wá. Ẹni tó bá jẹ́ ìyá Ṣàngó, ṣé ẹrú ló yẹ ká máa fi hàn nìkan? Ohun tí a sọ fún oníbàárà wa nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ká gbé fíìmù Ọ̀yọ́ Ilé tí wọ́n lé jáde náà.

Àwọn kan á ní eré lásán ni, kí la ń janpata sí? Eré kì í ṣe nǹkan kékeré o. Ní ọdún 1946, Hubert Ògúnǹdé gbé eré Strike and Hunger rẹ̀ dé Jọ́ọ̀sì, lókè ọya níbí. Ìyanṣẹ́lódì tó ṣẹlẹ̀ ní 1945 ló fi ṣe eré náà. Ìjọba òyìnbó kò jẹ́ kó ṣe é. Bí eré bá jẹ́ eré lásán ni, kí ló ń ba òyìnbó tó ní ìbọn lẹ́rù? Wọ́n mọ̀ pé ohun tí èèyàn bá fojú rí lórí pèpéle á dúró sọ́kàn rẹ̀ ju ohun tí wọ́n kà fún un lọ.

Ẹ jẹ́ ká tún wo ẹni tó ń sọ ìtàn. Johnson tí gbogbo wa ń gbára lé, ìran Aláàfin Abíọ́dún ló ti wá. A kì í sọ ìyẹn láti bu ìwé rẹ̀ kù, Ọlọ́run ló fi í jíǹkí wa, bí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀, púpọ̀ ìtàn yìí ì bá ti run. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ Gáà fún wa, ọmọ ẹni tó pa Gáà ni. Bí ilé Gáà náà bá ní akọ̀wé, bóyá a óò gbọ́ nǹkan mìíràn díẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Gáà bọ́ lọ́wọ́ ikú, Òjó Agúnbaḿbarù, ilẹ̀ Ìbàrìbá ló sá lọ, ó sì padà wá nígbà tó yá láti gbẹ̀san. Ohun tí ìyẹn gbé lọ́kàn ní gbogbo ọdún yẹn, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹni tó fún wa ní àpẹẹrẹ rere ni olóògbé Adébáyọ̀ Fálétí. Ọmọ agbègbè Ọ̀yọ́ ni. Ó kọ eré Baṣọ̀run Gáà, nípa ìkà tó wà nínú ààfin. Òun kan náà ló kọ Ọmọ Olókùn Ẹṣin, nípa àwọn tó wà lábẹ́ ìsìn tí wọ́n jà fún òmìnira, ìwé tí Adé Love sọ di fíìmù Ìjà Òmìnira ní 1979. Àwọn tó dàgbà nínú wa mọ fíìmù yẹn. Ẹnì kan ṣoṣo, ó dúró sínú ààfin, ó tún dúró sínú oko. Irú ẹ̀ la fẹ́ kí àwọn tó ń ṣe fíìmù lónìí máa ṣe.

Èrò wa lórí oògùn àti idán nìkan ló kù. Ó ti pọ̀ jù nínú àwọn fíìmù yìí, gbogbo nǹkan ni iná ń jáde lójú, èèyàn ń fò. A ò ní kí wọ́n yọ ọ́, àwọn bàbá wa gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n bí idán bá pọ̀ jù, ó máa ń bo ọgbọ́n mọ́lẹ̀. Ohun tó gba Ẹ̀gbá là nínú ìtàn ni àáró, àwọn àgbẹ̀ tó fọwọ́ sowọ́ pọ̀, tí wọ́n pa ẹnu mọ́. Ọmọ wa lè ṣe ìyẹn lónìí, ẹgbẹ́ àjẹsẹ́kù wa, èésú wa, inú rẹ̀ náà ló ti wá. Kò lè ṣe idán.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ohun tí a dábàá rèé. Ẹ má fi fóònù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ kí ẹ máa lọ. Ẹ kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n wo Gáà, kí wọ́n tó wo Líṣàbí, bí ìtàn ṣe tẹ̀ lé ara wọn nìyẹn. Bí ó bá parí, ẹ bi wọ́n pé: ta ni ọba nínú èkíní, ta ni ọba nínú èkejì? Ta ló ń san owó? Ta ni kò sọ tẹnu rẹ̀? Ẹ sọ ọ́ ní Yorùbá, ẹ má jẹ́ kí gẹ̀ẹ́sì tó wà nísàlẹ̀ fíìmù bá yín sọ ọ́. Bí ọmọ Tápà aládùúgbò bá wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí òun náà sọ tiwọn.

Àwọn tó ṣe fíìmù yìí ṣe iṣẹ́ ńlá, ẹ kú iṣẹ́ o. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n ná, wọ́n sì jẹ́ kí ọmọ tí a bí sí Minna mọ orúkọ Líṣàbí. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí. Àwa òbí la máa mú ọmọ wọlé.

Ẹ̀yin Ẹ̀gbá, ẹ̀yin Ọ̀yọ́, a rí yín o, ẹ jẹ́ ká gbọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún yín nílé. Elédùmarè á jẹ́ ká fi ẹsẹ̀ ire padà sílé, a ò ní kú sí àjò, àwọn ọmọ wa kò ní sọnù mọ́ wa lọ́wọ́. Àṣẹ.